Bàbá Mi, Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀, àti Irin Inú Ẹ̀jẹ̀

Bàbá mi kì í sọ pé ó rẹ òun. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára láti dúró gbagbagba níwájú àwọn ọmọ láti àárọ̀ títí agogo yóò fi lù. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu àgbọn tà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Aradágún. Ó to àwọn àgbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù wọ̀nyẹn sórí ìlà bí ọmọ tó fẹ́ wọ kíláàsì, ó mọ èyí tó ń ṣe dáadáa nínú wọn, ó sì mọ èyí tó ń ṣọ̀lẹ. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo débẹ̀ tí mo bá a lórí ìjókòó láàrin wọn, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ̀kán omi kan kò tíì dín nínú rẹ̀, ara mi kò lélẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Mo ní kí n sinmi díẹ̀ kí n tó bomi rin wọ́n."

"Ìgbà wo lẹ ti jókòó síbí?"

Ó wo ilẹ̀ yíká. "Òjìji igi yẹn ṣì wà lọ́hùn-ún nígbà tí mo jókòó." Ó nawọ́ sí ẹ̀bá ògiri. Òjìji náà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó ti dé ẹsẹ̀ wa.

Mo fà á lọ́wọ́ dìde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Bàbá mi ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà náà, Ìyá Àgbà sì ti kọjá ọgọ́rin. Ọmọ Gùn ni wọ́n, ìletò kan láàrin ọ̀sà àti òkun ni wọ́n ti dàgbà. Bàbá mi kéré púpọ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, kò mọ ojú rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni Ìyá Àgbà, ó kúrò nílé-ìwé, ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í se òróró àgbọn. Òróró yẹn ló fi rán an níléèwé títí tó fi di olùkọ́. Títí di òní, nọvi ló ń pè é. Ohun tí àwọn Gùn ń pe ọmọ ìyá ẹni nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ kí ó fi orúkọ rẹ̀ pè é rí.

Ìtàn kan wà tí Ìyá Àgbà fẹ́ràn láti máa sọ. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọdún méje, ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ funfun, àwọn àgbà ìletò sì sọ fún Ìyá Àgbà pé kó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú mọ́. Kò gbà. Ó wọ inú igbó, ó já ewé, ó fún omi rẹ̀, ó sì ń fún ọmọ náà mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n padà. Amasin ni ó ń pe omi ewé náà. Bó bá ti ń sọ ìtàn yìí, bàbá mi á máa mi orí, bẹ́ẹ̀ kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju bó ṣe korò lọ.

Ẹ ó rí i pé àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àjèjì lójú Ìyá Àgbà. Ọ̀tá tó ti bá jà rí tó sì ti ṣẹ́gun ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo pè é, ó ti dé sí Aradágún pẹ̀lú ewé ùgwú àti ẹ̀dọ̀ màlúù. Ó tún gbé ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta dání, tí ìbátan wa kan tó ń ṣòwò kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ máa ń rà wá láti ọ̀hún. Faransé ni wọ́n kọ sí ara ìgò náà, omi inú rẹ̀ sì dúdú, ó nípọn, ó ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà.

"Ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́," ó wí. "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Bàbá mi mu ún. Oṣù méjì kọjá, kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwòsàn kan nílùú Badagry yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ pé kí á máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn tó fi kọ́rùn. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi bàbá mi bóyá ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi epo bẹntiróòlù, tàbí níbi ọ̀dà, tàbí níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé.

"Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mo bá ṣiṣẹ́," bàbá mi dáhùn.

Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké bíi mélòó kan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n wo bàbà inú rẹ̀ pẹ̀lú.

"Bàbà ṣe jẹ́?" bàbá mi béèrè. "Èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná?"

"Òun gan-an, sà. Ara ènìyàn ń lo díẹ̀díẹ̀ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Irin wà níbẹ̀, sínkì wà níbẹ̀, bàbà náà wà níbẹ̀. Ó kéré bí iyọ̀ tí ènìyàn fi orí ìka mú, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, nǹkan yóò dàrú. Tí bàbà kò bá tó lára ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà tó jọ àìsàn kan tí mò ń bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ ti bàbà ni, ó rọrùn láti wò. Àdúrà mi ni pé kó jẹ́ bàbà."

Lójú ọ̀nà nígbà tí à ń bọ̀, bàbá mi fa káàdì ilé ìwòsàn yọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àmì ohùn sí wọn dáadáa, ó sì fi hàn mí. "Láti òní lọ," ó wí, "Bàbá ń wá bàbà." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tẹ káàdì náà sínú àpò àyà rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ fi pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi bẹ Ọlọ́run pé kí bàbà má tó lára òun.

Kí èsì tó dé, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn inú egungun ìbàdí rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò gbọ́ kí ó ké. Nígbà tó jáde, ó ní bí ẹni ń yọ ìṣó lára pákó ló rí, pé pákó náà kò sì dunnú sí i.

Bàbà pé. Ìròyìn tí dókítà kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀.

"Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀, sà. Tiyín ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe kò pójú òṣùwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ náà ń kú kí ó tó jáde. Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ni, àwọn àgbàlagbà ló sì máa ń sábà mú."

Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. "Kí ló fà á?"

"N kò mọ̀, sà. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kì í mọ̀."

"Ṣé ó ń sáré ni, àbí ó ń rìn?"

"Ó ń rìn."

"Ó dáa. Èmi náà á máa bá a rìn."

Ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò máa fà sí i lára, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síra wọn. Bí a ti ń dìde, dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó ní kí a má ṣe da ara wa láàmú pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, nítorí pé àìtó irin kọ́ ló ń ṣe bàbá mi. Èmi gbọ́ ọ. Bàbá mi náà gbọ́ ọ.

Mo kó o wá sílé mi ní Ibẹrẹko. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, nítorí náà ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Ó gbé àga síbi tí mo ti ń ran aṣọ, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó sì ń fi báírò pupa tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Ilé ìwòsàn ní kí àwọn ènìyàn wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò èyí tí wọ́n ń fún un. Mo rò pé ìyẹn ni yóò le jù. Mo pe àbúrò mi, ó pe ẹnì kan, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn, kí a tó mọ̀, àwọn tí bàbá mi kọ́ níléèwé ti ń wá. N kò mọ̀ wọ́n. Àwọn kan ti ní ewú lórí. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lápá. Bàbá mi lọ kí i.

"Sà, ẹ lè má rántí mi. Ẹ nà mí ní kíláàsì kẹrin nítorí ìsọdipúpọ̀."

"Ti eéje ni," bàbá mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Méje lọ́nà mẹ́jọ ló ń dà ọ́ láàmú. Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá mi kò kúrò níbẹ̀. Ó ń dúró dè é. Ọkùnrin ńlá yẹn wo òkè àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí méje lọ́nà kan, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń sun sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í bá a ka èyí tó kù parí. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, bàbá mi gbé ìwé ìròyìn rẹ̀, kò ṣí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "N kì bá tí nà án tó bẹ́ẹ̀."

Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ara rẹ̀ á yá gágá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yóò rìn dé òpin àdúgbò, yóò bá àwọn aládùúgbò jiyàn. Ìyá Àgbà máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi àti kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ méjì méjì, ó ń rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń pọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́," ó máa ń wí. "Ṣebí mo sọ fún yín."

Á gbé ìgò tuntun kalẹ̀, á wọn ṣíbí méjì, á sì dúró títí bàbá mi yóò fi gbé e mì. Lọ́jọ́ kan tí ó ti lọ, mo ní, "Bàbá, ẹ rántí ohun tí dókítà sọ."

"Mo rántí. Ṣíbí méjì péré ni. Ṣíbí méjì kò lè pa mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní n kò mu ún, ojú rẹ̀..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Mo lè sọ pé èmi náà kò rí ẹnu sọ ọ́. Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ó rọrùn fún mi láti dákẹ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà bá wá, ilé máa ń dùn. Àwọn méjèèjì á máa sọ Gùn, wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, bàbá mi á sì dà bí ọmọdé. Ta ni yóò fẹ́ ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ nítorí ṣíbí méjì?

Ọdún méjì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, dókítà ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò irin tó ti kó jọ sínú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ gba èsì, ó wo ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í padà.

"Irin yìí pọ̀, sà. Ó pọ̀ ju ohun tí mo ń retí lọ. Ṣé nǹkan kan wà tí ẹ ń lò nílé?"

"Oúnjẹ ilé nìkan," bàbá mi wí.

Mo wolẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí bàbá mi parọ́ rí láyé mi. Dókítà yíjú sí mi, ó ń wò mí. Ìgò náà wà nínú báàgì mi nítorí a ti rò pé a ó pẹ́ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo yọ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì.

Ó yí ìgò náà títí ó fi rí ibi tó ń wá. Ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kékeré kan: *fer*. "Irin nìyí. Wọ́n kọ ọ́ síbí."

"N kò gbọ́ Faransé," bàbá mi fèsì, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Yorùbá, sà. Mo sọ fún yín."

Kò bínú. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa, ó sì ṣàlàyé. Gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí bàbá mi lára ni irin wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà yóò gbó, yóò lọ, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kì í lọ. Ara ènìyàn ní ọ̀nà láti gba irin wọlé, kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì í jáde. Bó bá ti pọ̀ jù, á lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀, á jókòó sínú ọkàn, á sì máa bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti wá, kì í ṣe inú ìgò. "Ṣùgbọ́n a kì í bu epo sí ilé tó ń jó," ó wí. Òun yóò fún wa ní oògùn tó ń fa irin jáde. Kí á dá ìgò náà dúró, kí á dá ẹ̀dọ̀ màlúù dúró, kí bàbá mi sì máa jẹ ẹ̀fọ́ nínú ọbẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń jẹ ẹ́, kì í ṣe kí wọ́n máa fún omi rẹ̀ sínú ife.

Nínú ọkọ̀, bàbá mi ní, "Ìwọ ni yóò sọ fún un."

"Èmi kẹ̀, Bàbá?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

Kò tíì bẹ̀ mí rí. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sọdá ọ̀sà lọ sí ìletò wọn. Ìyá Àgbà wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ níbi tí omi àgbọn ti ń hó lórí iná, ó ń fi igi gígùn rò ó. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi dáadáa nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ìyá Àgbà, irin ti pọ̀ jù lára Bàbá. Dókítà ní oògùn inú ìgò yẹn kò dára fún wọn."

Kò dá rírò dúró. "Irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Irin ló wà nínú ìgò náà."

"Ṣé èmi ni mò ń pa nọvi mi?"

"Rárá o, mà. Inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Tiyín kàn fi kún un ni."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé n kò sọ ọ́ dáadáa. Ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. "Ìgbà wo ni dókítà sọ pé kó má mu ún mọ́?"

Mo lè parọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ti wà nílẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì, mà."

"Ó sì ń mu ún?"

"Wọ́n ń mu ún."

"Nítorí kí ni?"

"Wọn kò fẹ́ kí inú yín bà jẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa igi iná kúrò lábẹ́ ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ òróró náà kò tíì là kúrò lára omi. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Máa lọ," ó wí. "Ọkọ̀ á fi ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá. Bí bàbá mi bá pè é lórí fóònù, yóò ní, "Mo wà," ọ̀rọ̀ sì parí. Bàbá mi kò jẹun bó ṣe yẹ. Mo se gbogbo ohun tó fẹ́ràn, ó ń fi ọwọ́ tì í kiri inú abọ́. Lọ́jọ́ kan ó wí fún mi pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ló nà mí láyé, ṣé o mọ̀? Mo parọ́ fún un pé mo lọ sílé-ìwé. Inú omi ni mo ti lọ ń ṣeré. Lẹ́yìn tó nà mí tán, òun ló jókòó tó ń sunkún, èmi ni mo wá ń pàrọwà fún un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a tún fẹ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀, a ṣí ilẹ̀kùn, a bá Ìyá Àgbà lẹ́nu géètì. Ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé àpò lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra mi," ó wí fún mi. Kò wo ibi tí bàbá mi dúró sí. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé Èkó.

Dókítà náà gbé àga fún un, ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ yá jù fún Ìyá Àgbà, nítorí náà bàbá mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gùn. Gùn tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún mi láti mọ̀ pé kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó túmọ̀ ibi tí dókítà ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Ó túmọ̀ irọ́ tó pa. Ó túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún bí ọmọ tí wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ìyá Àgbà gbọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí dókítà, ó sì sọ Yorùbá fúnra rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fún un, ṣé ẹ kò lè yọ irin inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fún un?"

"Màmá, ìbéèrè gidi nìyẹn. Irin yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú káàkiri ara. Tí a bá yọ ọ́, kò ní wúlò fún wọn mọ́."

"Ohun tó mú un dúró náà ló ń bà á jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, mà."

Ó ronú. "Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Mo fún un ní omi ewé. Ṣé irin wà nínú ìyẹn náà?"

Dókítà wo bàbá mi, ó wò mí, ó tún wo Ìyá Àgbà. "Ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, mà. Ó jọ pé irin ni kò tó lára wọn nígbà náà, ẹ sì wá a fún wọn. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Àìsàn tọ̀tẹ̀ yìí ló yàtọ̀."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì fi Gùn sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú.

"Kí ni Màmá sọ?" dókítà béèrè.

"Wọ́n ní kí n má parọ́ mọ́," bàbá mi dáhùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Bí o bá tún fẹ́ kú nítorí pé ojú mi ń tì ọ́, kọ́kọ́ sọ fún mi, kí èmi lè ṣíwájú."

Látọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó padà sílé lẹ́ẹ̀kan péré, ó kó aṣọ rẹ̀, ó fi ìkòkò òróró rẹ̀ lé ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan lọ́wọ́. Oògùn tó ń fa irin jáde, inú omi ni wọ́n ń yọ́ ọ sí, kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀, Ìyá Àgbà sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ ọ àfi òun. Ó ní ife kan fún un, ó ní ṣíbí onígi kan fún un. Ó ń rò ó títí kò fi sí kóró kankan nínú rẹ̀, bó ṣe ń ro òróró.

"Ṣọ́ọ̀kì nìyí," bàbá mi wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó tọ́ ọ wò. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé, àṣé mo ṣì máa mu ún."

"Gbé e mì," Ìyá Àgbà dá a lóhùn.

Kò rọrùn. Oògùn náà dà á nínú láàmú, ìgbà kan wà tí dókítà dín in kù nítorí kíndìnrín rẹ̀, ìgbà kan wà tí a wá a títí a kò rí i rà. Ṣùgbọ́n ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni bí Ìyá Àgbà ṣe di ẹ̀ṣọ́ ilé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá kí bàbá mi, wọ́n á gbé ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ dání, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ìyá Àgbà á pàdé wọn ní fáráńdà. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á fún wọn ní omi mu, á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Irin ti kún inú rẹ̀. Ara kò ní ilẹ̀kùn tó lè gbà jáde. Ẹ ṣeun, ẹ gbé e padà. Ẹ mú ọsàn wá nígbà míì."

Ó sàn ju bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Wọ́n á wo ìyá arúgbó tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹfà, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì gbé ìgò wọn padà sílé.

Irin náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà fa ìlà kan sórí ìwé láti fi bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ hàn wá. Bàbá mi gba ìwé náà, ó yọ báírò pupa rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ó ń gbìyànjú. Ó lè ṣe jù báyìí lọ." Dókítà ní kí ó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i, dókítà sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọdún yìí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un kì í pẹ́ lára rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti di méjì. Dókítà jókòó tì wá, ó sì sọ fún wa pé àìsàn náà ti ń yí ìrìn rẹ̀ padà. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, a kò sì ní kó fi í pamọ́. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ láìnílò ògbufọ̀. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ní kí wọ́n dúró ní ọjà Àgbálátà, ó ra ẹja tútù àti ata, ó sì ná ẹlẹ́ja náà títí ìyẹn fi fi ẹja kékeré kan kún un kó lè máa lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn méjèèjì jókòó sí fáráńdà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ tí bàbá mi béèrè ohun kan tí n kò gbọ́ kí ó béèrè rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìyá wa ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Àgbà gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu ná. Á ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ rẹ́rìn-ín." Ó sì ṣe é fún un. Ẹ̀rín kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ láti imú, tó wá ń ga sókè, tó sì dáwọ́ dúró lójijì.

"Ẹ tún un ṣe," bàbá mi wí.

Ó tún un ṣe. Bàbá mi náà gbìyànjú rẹ̀, kò jọ ọ́, Ìyá Àgbà sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé kó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n lè gbọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń kọ́ni, èkejì ń kọ́ ọ, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rín ẹ̀rín tiwọn gan-an.